Àpò Ọ̀rá Tí Wọ́n Fi Sẹ́nu Ọ̀nà Yín: Ibo Gan-an Ni Aṣọ Inú Rẹ̀ Ń Lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni èmi àti ọkọ mi pẹ̀lú àwọn ọmọ wa ń gbé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í ti àpò ọ̀rá gba ojú ihò lẹ́tà wọlé, pé ká kó aṣọ tí a ò wọ̀ mọ́ sí i, ká gbé e síta láàárọ̀ ọjọ́ báyìí, pé àwọn ọmọ aláìsàn ni wọ́n fẹ́ fi ṣàánú. Mo máa ń kó o. Ọkọ mi ní títà ni wọ́n ń tà á, pé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Èkó tún wá sọ fún mi pé irú aṣọ wa wọ̀nyẹn lòun ń rà ní ọjà òkìríkà Kàtángówà. Ṣé kí n jáwọ́ ni? Àbí kí n kúkú máa kó o ránṣẹ́ sílé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú ọkàn àánú.

Òótọ́ ni ọkọ yín sọ pé wọ́n ń tà á. Ibi tó ti pè é ní ẹ̀tàn ni mi ò bá a dé. Èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ tí àwọn èèyàn ń fún àjọ aláàánú ní Ìlú Ọba, títà ni wọ́n ń tà á, ó sì ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. Àjọ tó ń ná owó sórí ìwádìí àrùn ọkàn tàbí àrùn jẹjẹrẹ kò rí nǹkan fi ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ yín ṣe. Owó ló nílò. Àwọn aṣọ tí wọ́n ń fún aláìní lọ́fẹ̀ẹ́ wà, àmọ́ ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà lọ, mo sì máa dé ibẹ̀. Torí náà, títà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ̀yin méjèèjì jọ bi àpò yẹn ni pé: nígbà tí wọ́n bá ta aṣọ wa, èló ló máa dé ọwọ́ àwọn ọmọ aláìsàn tí wọ́n ya àwòrán wọn sí i lára?

Ẹ jẹ́ ká wo bí owó náà ṣe ń pín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ tó wá gbé àpò kì í ṣe òṣìṣẹ́ àjọ aláàánú. Ilé iṣẹ́ oníṣòwò kan ló gbà á síṣẹ́. Ilé iṣẹ́ náà ló tẹ àpò, òun ló san owó àwọn tó ń pín in láti ilé dé ilé, òun ló ń ra epo sọ́kọ̀, òun náà ló sì ni aṣọ lẹ́yìn tó bá ti kó o tán. Àdéhùn tó wà láàárín òun àti àjọ aláàánú ni pé lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan aṣọ tó bá rí kó, yóò san iye báyìí fún wọn, òun á sì fi orúkọ àti àwòrán wọn sára àpò. Iye yẹn ló yẹ kí ẹ máa wá. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé 100 pọ́n-ùn lórí tọ́ọ̀nù kan, ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 1,000 kílò, torí náà pẹ́ńsì mẹ́wàá ló kan kílò kọ̀ọ̀kan. Bí àpò tí ẹ dì bá wọn kílò márùn-ún, 50 pẹ́ńsì ni àwọn ọmọ náà rí nínú gbogbo ohun tí ẹ kó síbẹ̀, yálà kóòtù olówó iyebíye ni tàbí singilẹ́ẹ̀tì tó ti ya lọ́rùn. Ìwọ̀n ni wọ́n ń fi ṣírò rẹ̀, wọn kì í wo bí aṣọ ṣe dára tó.

Ẹ wá fi wé pé ẹ gbé kóòtù kan ṣoṣo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àjọ aláàánú tó wà ládùúgbò yín, tí wọ́n sì tà á ní pọ́n-ùn mẹ́jọ. Lóòótọ́, ṣọ́ọ̀bù náà ń san owó iná, ó sì ń san owó oṣù máníjà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dúró ti ọjà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ìjọba sì yọ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó orí ilé ìtajà irú wọn. Èyí tó tún ga ju ìyẹn lọ ni ètò tí wọ́n ń pè ní Gift Aid. Bí ẹ bá ń san owó orí lórí owó oṣù yín, tí ẹ sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà tàbí sítíkà tí ẹ ó máa lẹ̀ mọ́ àpò aṣọ yín. Ìgbà tí wọ́n bá tà á, ìjọba yóò fi pẹ́ńsì 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé. Kóòtù pọ́n-ùn mẹ́jọ yẹn á di pọ́n-ùn mẹ́wàá fún àjọ náà, láìjẹ́ pé kọ́bọ̀ jáde nínú àpò yín. Wọ́n á kọ̀wé sí yín láti sọ iye tí ọjà yín mú wá. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀: bí owó orí tí ẹ san lọ́dún náà kò bá tó iye tí àjọ náà máa gbà lọ́wọ́ ìjọba, ẹ̀yin ni ìjọba lè bi léèrè ìyókù. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ lọ́dún náà, tàbí tí owó tó ń wọlé fún un kò tó ohun tí wọ́n ń gba owó orí lé, kó má fọwọ́ sí i. Mo ti rí àwọn ọmọ wa tó fọwọ́ sí i nítorí pé ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà rẹ́rìn-ín sí wọn. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé owó oṣù yín.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, mi ò ní bú àpò ẹnu ọ̀nà. Àjọ kékeré kan wà tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò lọ́kọ̀, tí kò sì lè san owó òṣìṣẹ́. Fún irú wọn, owó tọ́ọ̀nù yẹn, bó ti wù kó kéré tó, ń wọlé láìjẹ́ pé wọ́n ṣe wàhálà kankan. Àwọn ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí wọn ò lè gbé ẹrù dé ìgboro, ọ̀nà àánú tó sún mọ́ wọn jù nìyẹn. Àwọn àjọ ńláńlá kan sì wà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ara wọn kó àpò, tí aṣọ inú rẹ̀ ń lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Àpò irú wọn míì máa ń ní sítíkà Gift Aid lára. Àpò kì í ṣe ẹyọ kan náà, ibi tí kíkà ti ṣe pàtàkì nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lóun máa dá wa láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ń gba aṣọ lọ náà, ẹ wo ọrùn rẹ̀. Ẹ tẹ́ àpò náà sórí tábìlì, ẹ fi ojú yín wá nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àjọ aláàánú. Ní England àti Wales, nọ́ńbà náà máa ń jẹ́ díjíìtì mẹ́fà tàbí méje. Ti Scotland ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà SC. Ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sórí ìtàkùn Charity Commission, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó àwọn àjọ aláàánú, tàbí ti OSCR, tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà ní Scotland, bó bá jẹ́ ti ibẹ̀, ẹ ó rí orúkọ àjọ náà, iye tó wọlé fún un lọ́dún àti ohun tó ná an lé. Bí orúkọ tó jáde níbẹ̀ kò bá bá èyí tó wà lára àpò mu, ẹ ká àpò náà, ẹ jù ú nù. Àwọn kan gbọ́n. Wọ́n á tẹ nọ́ńbà gbọọrọ kan sísàlẹ̀ àpò, ojú á sì rí i bíi nọ́ńbà àjọ aláàánú, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ oníṣòwò ni, díjíìtì mẹ́jọ. Wọ́n á ya àwòrán ọmọ tó ń sunkún, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn tálákà ń dúró dè yín, nígbà tó bá wá di ìsàlẹ̀ pátápátá ni lẹ́tà tíntìntín á sọ pé àwọn kì í ṣe àjọ aláàánú. Ó wà lára àpò, torí náà wọn ò purọ́. Àmọ́ èmi gbà pé ìwà tí kò dáa ni, nítorí pé ojú àánú ẹlòmíì ni wọ́n fi ń ṣòwò.

Ohun kejì tí ẹ ó wá ni gbólóhùn owó. Òfin àjọ aláàánú ti ọdún 1992 sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá fi orúkọ àjọ aláàánú tọrọ nǹkan gbọ́dọ̀ ní àdéhùn àkọsílẹ̀ pẹ̀lú àjọ náà, kó sì sọ fún ẹni tó ń fúnni iye tó máa kan àjọ. Àpò tó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ àánú sílẹ̀ tí kò kọ iye owó, ẹ má fi aṣọ yín sí i.

Ìwé àṣẹ ló kù. Láti ọdún 1939 ni òfin ti wà pé ẹni tó bá fẹ́ lọ láti ilé dé ilé láti gba owó tàbí ẹrù fún iṣẹ́ àánú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Lọ́dọ̀ tiyín ní Leeds, káńsù ló ń fúnni. Òfin ọ̀hún fún káńsù lágbára kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: ó lè kọ̀ láti fúnni láṣẹ bó bá rí i pé iye tó máa dé ọwọ́ àjọ aláàánú kéré jù sí iye tí wọ́n máa pa. Ìyẹn ni pé bí ọkọ yín bá rò pé ìpín náà kò tó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkùnsínú nínú ilé. Ó lè kọ̀wé sí ẹ̀ka ìwé àṣẹ ní káńsù, kó sọ orúkọ tó rí lára àpò, kó bèèrè bóyá wọ́n fún wọn láṣẹ. Àwọn àjọ ńláńlá tó ń kárí gbogbo orílẹ̀-èdè kan wà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ̀ǹda fún, tí wọn kò nílò ti káńsù mọ́, torí náà ẹ má sọ wọ́n di olè nítorí pé káńsù kò mọ̀ wọ́n.

Olè gidi náà wà o. Àwọn kan máa ń wa ọkọ̀ kiri láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹni tó ni àpò tó dé, wọ́n á ti kó o lọ. Nítorí náà, ẹ má gbé àpò yín síta lálẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e jáde.

Ní ti ọ̀rọ̀ àbúrò yín, òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ, ó sì yẹ kí ẹ mọ ọ̀nà tí aṣọ yín gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kó àpò lọ, ilé ìṣaṣọ ló ń lọ. Wọ́n á da aṣọ sórí bẹ́líìtì tó ń yí lọ, àwọn òṣìṣẹ́, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, á máa fi ojú àti ọwọ́ ṣà á. Ojú wọn yá débi pé bí ọwọ́ bá ti kan aṣọ báyìí, wọ́n ti mọ bóyá òwú ni tàbí ọ̀rá. Èyí tó dára jù ni wọ́n ń yọ sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ta aṣọ àtijọ́ ní ọ̀wọ́n nílẹ̀ Yúróòpù. Èyí tó ṣì ṣeé wọ̀ dáadáa ni wọ́n ń pín sí gíréèdì, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á dì í ní béèlì, wọ́n á kó o lọ sí ìlà oòrùn Yúróòpù, Pakistan, Dubai, Ghana àti Kútọnu. Singilẹ́ẹ̀tì àti ṣẹ́ẹ̀tì òwú tó ti gbó, wọ́n á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ fún àwọn mẹkáníìkì láti máa fi nu epo. Aṣọ onírun àgùntàn, wọ́n á lọ̀ ọ́ padà sí irun, kí wọ́n tún ran án di òwú tuntun.

Àdúgbò yín gan-an ni iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀. Ní Batley, tí kò jìnnà sí Leeds rárá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benjamin Law ni wọ́n gbà pé ó kọ́kọ́ rí ọ̀nà láti lọ àkísà onírun àgùntàn kó sì fi í hun aṣọ tuntun, ní 1813. Ìlú náà àti Dewsbury tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi àkísà dolówó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hun kúbùsù àti aṣọ ológun. Nígbà tí Oxfam dá ilé ìṣaṣọ tirẹ̀ tó ń jẹ́ Wastesaver sílẹ̀ ní 1974, Huddersfield ló fi ṣe ibùjókòó, kó tó wá ṣí lọ sí Batley. Bí ọkọ yín bá ń wá àpẹẹrẹ àjọ aláàánú tó ń ṣa aṣọ fúnra rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé oníṣòwò ló jẹ èrè rẹ̀, ọ̀kan wà lẹ́yìnkùlé yín níbẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí béèlì. Òfin Nàìjíríà fòfin de kíkó aṣọ àlòkù wọlé láti òkè òkun, ó wà lára àwọn ọjà tí àwọn aṣọ́bodè ń gbẹ́sẹ̀ lé. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ilé. Ọ̀pọ̀ béèlì á sọ̀ ní Kútọnu, á gba Sẹmẹ àti àwọn ọ̀nà igbó wọlé ní fàyàwọ́, á sì dé Kàtángówà, Yábàá àti ọjà Aswani tí wọ́n ń ná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Obìnrin tó ra béèlì rà á ní dídì ni. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí yóò fi san owó tán. Bó bá ṣí i, tó bá aṣọ ọmọdé àti ṣẹ́ẹ̀tì òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ilé kún nìyẹn. Bó bá bá aṣọ tó lábàwọ́n, èyí tí sípì rẹ̀ ti já, tàbí aṣọ olówó pọ́ọ́kú tó ti fà lẹ́yìn fífọ̀ mélòó kan, owó tó fi ń ṣòwò ló wọgbó yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ rántí obìnrin yìí nígbà tí ẹ bá ń di àpò ní Leeds. Aṣọ tí ẹ mọ̀ pé kò ṣeé fún ẹnikẹ́ni mọ́, tí ẹ kàn tì mọ́ ìsàlẹ̀ àpò kí àpótí ìdọ̀tí má baà kún, ó lè rin ìrìn náà títí dé ọwọ́ rẹ̀, kó sì di gbèsè sí i lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló máa di ìdọ̀tí nínú gọ́tà Èkó. Bákan náà ló rí ní Kantamanto ní Accra, ọjà òkìríkà ńlá tí iná jó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní 2025: àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ti ń pariwo láti ọjọ́ pípẹ́ pé aṣọ tó ń wọlé kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé ẹ̀gbin àwọn èèyàn òkè òkun ni àwọn ń sanwó rà.

Ṣé kí ẹ máa kó o ránṣẹ́ sílé? Bí ẹ bá mọ ẹni tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí, tí ẹ mọ ìwọ̀n ọmọ rẹ̀, tí àyè sì wà nínú báàgì nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé, kò sí ọ̀nà tó dára tó ìyẹn. Kò sí oníṣòwò kankan láàárín yín. Ẹrù ara ẹni tí arìnrìn-àjò gbé bọ̀ kì í ṣe ohun tí òfin yẹn ń bá jà. Àmọ́ kí ẹ máa san owó ọkọ̀ ojú omi lórí dúróòmù aṣọ tí ẹ ò mọ ẹni tó máa wọ̀ ọ́, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣírò owó tí ẹ máa san fún ẹni tó ń báni kó ẹrù, ẹ fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín. Yóò ra èyí tó bá wù ú, tó sì bá a mu, lọ́wọ́ obìnrin tó ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ní Kàtángówà.

Mo ní mo máa dé ibi tí aṣọ ti ń lọ sára aláìní tààrà. Kóòtù òtútù, bàtà tó lágbára, ìbọ̀sẹ̀ tuntun àti aṣọ ìtura ọkùnrin, àwọn aláìnílé ní Leeds nílò wọn jù bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé. St George's Crypt, àjọ kan tó ń ran àwọn aláìnílé lọ́wọ́, ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn nílùú yín láti 1930. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbé ẹrù lọ, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n nílò lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa náà lè mọ ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, tí kò tíì ní kóòtù kan tó máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó dé láti Èkó nínú oṣù kìíní mọ ohun tí mò ń sọ.

Bí ẹ bá ń di aṣọ, ibi yòówù kó máa lọ, kó mọ́, kó sì gbẹ. Aṣọ tútù kan ṣoṣo á hu funfun, á sì ba gbogbo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ nínú ọkọ̀, torí náà bí òjò bá ń rọ̀, ẹ so ẹnu àpò dáadáa, tàbí kí ẹ má tilẹ̀ gbé e síta. Ẹ fi okùn so bàtà méjèèjì pọ̀, nítorí bàtà ẹsẹ̀ kan kò ní ọjà níbikíbi láyé. Ìrọ̀rí àti dúfẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà á, ẹ bèèrè kí ẹ tó gbé e lọ. Ẹ wo inú àpò ṣòkòtò dáadáa. Ìwé báńkì, káàdì, lẹ́tà ilé ìwòsàn tí orúkọ yín àti àdírẹ́sì yín wà níbẹ̀, kò yẹ kí wọ́n bá aṣọ lọ.

Àpò tó wà lọ́wọ́ yín báyìí ńkọ́? Ẹ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò, ẹ wo iye owó tó kọ. Bó bá yège, ẹ kó aṣọ tó ṣeé wọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè fi bẹ́ẹ̀ pawó ní ṣọ́ọ̀bù sí i. Èyí tó dára jù nínú aṣọ yín, ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ lo Gift Aid bí ẹ bá ń san owó orí. Bí àpò náà kò bá sì yège, ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè nítorí pé wọ́n tì í wọlé yín. Bó bá ti wá pọ̀ jù fún yín, ẹ lẹ sítíkà mọ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ kọ "No charity bags" sí i. Ìlànà tí Fundraising Regulator, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́ bí àwọn àjọ aláàánú ṣe ń tọrọ nǹkan, fi lélẹ̀ sọ pé àpò kò gbọ́dọ̀ wọ ilé tí irú ọ̀rọ̀ yẹn bá wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí wọ́n bá tún jù ú wọlé, ẹ ya fọ́tò sítíkà àti àpò náà papọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí àjọ tí orúkọ rẹ̀ wà lára àpò, nítorí àwọn ló kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Fundraising Regulator.